AWỌ INÚ MỌ́TÒ TÓ TI GBÓ: BÍ WỌ́N ṢE Ń TÚN UN ṢE, ÀTI OHUN TÓ YẸ KÁ BÉÈRÈ KÍ Á TÓ SANWÓ

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Á ní, "Èmi tí mò ń ta ata, kí ló kàn mí nínú awọ mọ́tò?" Ó kàn yín o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní mọ́tò tí a fi ń kó ẹrù. Àwọn kan ń ta rẹ́síìnì, fóòmù, gọ́ọ̀mù àti òwú nínú ọjà wa níbí. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò, àwọn tí a ń pè ní upholstery. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ méjì. A ti parí ìjà náà, a kò sì ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò yẹ kó sọnù.

BÍ ÌJÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìyá kan nínú wa, aláṣọ ni wọ́n, ọkọ wọn ti di olóògbé. Nínú ohun tí bàbá fi sílẹ̀ ni mọ́tò Mercedes SL kan wà, èyí tí kò ju ènìyàn méjì lọ nínú, tí òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Irú SL ti bàbá yìí, ọdún 1971 ni ilé iṣẹ́ Mercedes ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di ọdún 1989. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì. Lónìí, àwọn kan ṣì ń wá a kiri láti rà, nítorí mọ́tò àtijọ́ tó ṣì dára, owó ni.

Ìyá aláṣọ fẹ́ ta á láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹnìkan wá wò ó. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì, ó dára. Ó wo ara rẹ̀, ó dára. Ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Awọ tí wọ́n fi bo inú ilẹ̀kùn ti ká jọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, òmíràn ti ya, páálí abẹ́ rẹ̀ ti wú. Oníbàárà náà gé owó sílẹ̀ gan-an. Ó ní bí wọ́n bá tún inú rẹ̀ ṣe, òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á sì san owó tí wọ́n ń bèèrè.

Ni ìyá bá sáré. Wọ́n ra ohun tí wọ́n pè ní awọ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, wọ́n sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan létí títì kó wá ṣe é. Owó tí wọ́n ná tó ra àpò ìrẹsì méjì. Oníbàárà kò padà wá lọ́jọ́ Sátidé náà. Kò sì tó oṣù mẹ́ta tí awọ tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà inú epo, tó sì ń ṣí kúrò lára páálí. Ìyá aláṣọ bá gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹni tó tà á: "Ayédèrú awọ lẹ tà fún mi!" Èkejì ní irọ́ ni, oníṣẹ́ ni kò mọ iṣẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já gèlè lórí ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé àti àgbà méjì lọ wádìí. A lọ sí Mushin, níbi tí àwọn oníbàtà ti ń ra awọ. A lọ sí Ladipo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. A jókòó ti àwọn àgbà oníṣẹ́, a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a sì béèrè. Ohun tí a rí nìyí.

AWỌ YÀTỌ̀ SÍ RẸ́SÍÌNÌ

Lójú ọ̀pọ̀ wa, gbogbo ohun tó bá ń dán lórí àga, lẹ́dà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ gidi ni awọ màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí wọ́n ti ṣe kó má jẹrà. Rẹ́síìnì, aṣọ ni wọ́n fi ike rírọ̀ bò, tí wọ́n sì tẹ àmì lé lórí kó lè dà bí awọ. Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Rexine tẹ́lẹ̀, kó tó di orúkọ gbogbo irú rẹ̀ lẹ́nu wa.

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ló ń ṣe tìmùtìmù tí àwọn ọba ń gbé ẹsẹ̀ lé, àwọn ló ń ṣe àpò àti apó ọfà, tí wọ́n ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Ní ilẹ̀ Hausa, awọ ewúrẹ́ pupa ti Sókótó ń gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Mòrókò láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò, wọn kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Títí di òní, Kano ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awọ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n fún mọ́tò, awọ màlúù ni wọ́n ń lò jù, nítorí ó fẹ̀, ó sì lágbára.

Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹ fojú sí i.

Àkọ́kọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn awọ gidi máa ń ní irun wẹ́wẹ́ bí ara aṣọ onírun. Ẹ̀yìn rẹ́síìnì, aṣọ híhun lẹ máa rí níbẹ̀.

Èkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tà á. Awọ gidi kò ní igun mẹ́rin. Bí màlúù ṣe rí ló rí, ó ní ọrùn, ó ní ẹsẹ̀, ó lè ní ojú àpá níbi tí ẹ̀gún ti ha ẹran náà. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bàtà lójú mẹ́rin wọ̀n ọ́n, odindi awọ màlúù kan sì lè tó àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà bẹ́ẹ̀. Rẹ́síìnì, yáàdì ni wọ́n ń tà á, gbọọrọ bí aṣọ, ìbú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 54.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní kí wọ́n gé ègé kékeré fún yín, kí ẹ fi iná kàn án níta gbangba, kó jìnnà sí gọ́ọ̀mù àti epo. Rẹ́síìnì á yọ́, á máa rùn bí ike. Awọ gidi á rùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń jó irun ẹran láti ṣe pọ̀nmọ́. Ìyá oní-pọ̀nmọ́ kò lè ṣì í rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ya wá lẹ́nu nìyí. Nígbà tí a padà dé Èjìgbò, a ní kí ìyá aláṣọ mú ògbólógbòó awọ tí wọ́n ṣí kúrò lára ilẹ̀kùn wá. Ìyá kò tíì dà á nù. A yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: aṣọ híhun! Rẹ́síìnì ni láti ilé iṣẹ́ wá. Àwọn àgbà Ladipo ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé Mercedes ní rẹ́síìnì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MB-Tex, pé ọ̀pọ̀ mọ́tò wọn tí àwọn ènìyàn ń bú sẹ́yìn pé "awọ gidi ni" kò ní awọ kankan nínú, pé MB-Tex náà sì lè gbó ju awọ lọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé rẹ́síìnì burú. Rẹ́síìnì tó nípọn tí wọ́n ṣe fún mọ́tò wà, èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún àga ilé àti báàgì náà sì wà. Ti mọ́tò ló lè farada oòrùn.

OHUN TÓ Ń BA INÚ MỌ́TÒ JẸ́

Oòrùn ni olórí ọ̀tá. Mọ́tò tí a bá tì pa sínú oòrùn Èkó, tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi itan òfìfo jókòó lé ìjókòó mọ́tò lọ́sàn-án, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ooru yìí ń gbẹ òróró inú awọ, awọ á sún kì, á fa ara rẹ̀ kúrò létí páálí. Ó ń sọ gọ́ọ̀mù di rírọ̀ pẹ̀lú.

Omi ni èkejì. Lágbègbè wa, òjò pọ̀, afẹ́fẹ́ pàápàá tutù. Awọ tó bá tutù tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń bu bí búrẹ́dì. Páálí abẹ́ rẹ̀ á mu omi, á wú.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ àwa tìkára wa: òógùn, òróró ìpara, epo ata lára ẹrù, ọṣẹ líle, àti àwọn tó ń fi kẹrosín-ìnì nu àga kó lè dán.

KÍ A TÓ ṢÍ I, ǸJẸ́ Ó NÍLÒ ṢÍṢÍ?

Àwọn àgbà oníṣẹ́ sọ fún wa pé kì í ṣe gbogbo awọ tó bá ti ṣú ló yẹ kí a ṣí. Bí kò bá tíì ya, tí kò sì tíì ká kúrò lára páálí, ìtọ́jú lè tó o. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le nù ún, ẹ má dà omi sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ìbòòji. Bó bá jẹ́ awọ gidi, kí wọ́n fi ìpara tí wọ́n ṣe fún awọ mọ́tò pa á díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ rẹ́síìnì, kò lè mu ìpara bí awọ ṣe ń mu ún, nínù nìkan ló tó. Ẹ má fi pólíìṣì bàtà kùn ún o, á ba bùbá yín jẹ́. Ẹ má fi àdín pa á, eruku ni yóò máa kó.

Bó bá ti ya, tó ti lanu níbi ojú ìrán, tàbí tí páálí ti wú, ẹ ṣí i.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Àkọ́kọ́ ni ṣíṣí. Oníṣẹ́ gidi á kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà á wá àwọn síkúrù tó fara pamọ́ lẹ́yìn ibi ìdìmú ilẹ̀kùn. Etí páálí yìí, kílíìpù oníke ló dì í mú, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ká a sókè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n fi agbára fà á ya. Gbogbo síkúrù á wọ inú agolo mílíìkì kan, ti apá ọ̀tún lọ́tọ̀, ti apá òsì lọ́tọ̀. Kílíìpù tó bá kán, wọ́n á ra òmíràn. Ilẹ̀kùn tí kílíìpù rẹ̀ kò pé ló máa ń pariwo gbàgàgbàgà lójú títì.

Èkejì ni kí wọ́n tú awọ àtijọ́ láìfà á ya, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Òun ni wọ́n ó fi wọn tuntun. Ẹ̀yin téélọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: bí a bá fẹ́ rán bùbá tó bá ara mu, a ń tú èyí tó ti gbó wò.

Ẹ̀kẹta ni páálí. Bó bá gbẹ tó sì tẹ́jú, kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Bó bá ti wú, kí wọ́n gé òmíràn láti ara páálí líle tàbí plywood fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà kí omi má baà rí i mu. Gọ́ọ̀mù tuntun lórí gọ́ọ̀mù àtijọ́, ilé orí iyanrìn ni.

Ẹ̀kẹrin ni gígé. Wọ́n á fi nǹkan bí ínǹṣì kan àbọ̀ sí méjì kún un yípo, nítorí apá yẹn ló máa ká sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣahun níbí, á kábàámọ̀ nígbà tó bá dé igun. Bó bá jẹ́ awọ gidi, apá ibi ikùn ẹran máa ń na jù, apá ẹ̀yìn ló le. Ojú tí gbogbo ènìyàn ń rí ni kí wọ́n fi ti ẹ̀yìn ẹran sí.

Ìkarùn-ún ni rírán. Òwú lílọ́ọ̀nù tàbí pọlíẹ́sítà tó nípọn ni. Òwú kọ́tìnì á jẹrà nínú òógùn àti oòrùn. Ojú ìrán kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ra jù, nítorí ihò abẹ́rẹ́ lára awọ kì í padé mọ́. Bí ihò bá ti sún mọ́ra, ibẹ̀ ni awọ yóò ti ya gbọọrọ, bí ìgbà tí a bá ń ya sítám̀pù kúrò lára ìkejì rẹ̀.

Ìkẹfà ni gọ́ọ̀mù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò yìí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń fi pa: ara páálí àti ẹ̀yìn awọ. Wọ́n á wá dúró. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọwọ́ tí a bá fi kàn án kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n ó tó pa méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ó máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́. Ẹni tó bá kánjú pa á pọ̀ nígbà tó ṣì tutù, èéfín gọ́ọ̀mù á há sínú. Bí oòrùn bá ti ràn, èéfín náà á wú, awọ á ṣe bùlọ̀bùlọ̀. Lọ́jọ́ òjò, ìrì á bà lé ojú gọ́ọ̀mù, kò ní í dì. Irú gọ́ọ̀mù pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Kí wọ́n béèrè èyí tó lè farada ooru inú mọ́tò.

Ìkeje ni igun. Wọ́n á gé etí awọ bí eyín ayùn níbi tó bá ti ṣe kọrọ, kó má baà ṣù jọ. Wọ́n á fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń lo ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Wọ́n á fà á sẹ́yìn, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù àti píìnnì kàn án mọ́ ẹ̀yìn páálí. Kí píìnnì náà má gùn ju páálí lọ, kó má baà yọ síwájú.

Ìkẹjọ ni náílọ́ọ̀nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀, omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àbùkù. Omi náà á gba ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn jáde. Kí omi má baà kan páálí, ilé iṣẹ́ máa ń lẹ náílọ́ọ̀nù kan mọ́ irin ilẹ̀kùn, lẹ́yìn páálí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àti rewáyà tó bá ṣí ilẹ̀kùn ni yóò fa náílọ́ọ̀nù yìí ya, wọn a sì jù ú nù, wọn a ní kò wúlò. Láti ọjọ́ náà ni páálí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Kí wọ́n lẹ òmíràn síbẹ̀, kí wọ́n sì fi igi tín-ínrín tú ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí ìdọ̀tí bá dí i.

IBI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Nǹkan méjì wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àkọ́kọ́ ni airbag. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tókunbọ̀ tí a ń rà lóde òní ní àpò kan tó ń wú jáde bí bàlúùnù nígbà tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, kí orí tàbí àyà má baà fọ́. Ó lè wà lára sitiarín, nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tàbí nínú ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí àkọlé SRS tàbí AIRBAG níbikíbi, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ fi awọ líle rán ibẹ̀ pa. Ojú ìrán ibẹ̀, wọ́n dìídì ṣe é kó lè tètè ya nígbà tí àpò bá fẹ́ jáde. Bí a bá fi òwú líle rán an pa, àpò náà lè má rí ọ̀nà jáde, tàbí kó gba ibi tí kò yẹ jáde. Bátìrì pẹ̀lú, kí wọ́n yọ orí rẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibẹ̀, nítorí iná lè ṣì kù nínú rẹ̀.

Èkejì ni gọ́ọ̀mù. Èéfín rẹ̀ ń gbiná kíákíá, ó sì ń kọ lu orí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó nínú mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kí sìgá tàbí sítóòfù má sí nítòsí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ yà lọ wo ibi tí ọmọ yín ń jókòó sí. Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀? Àwa ará Èjìgbò, tí dípò epo bẹntiróòlù wà ládùúgbò wa, kò sí ẹni tó nílò láti kọ́ wa pé iná kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnìkan.

OHUN TÓ YẸ KÁ BÉÈRÈ

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ṣé awọ ni àbí rẹ́síìnì, ṣé ti mọ́tò ni àbí ti àga ilé? Gọ́ọ̀mù wo lẹ fẹ́ lò? Ṣé ẹ ó ha ti àtijọ́ kúrò? Ṣé ẹ ó dá náílọ́ọ̀nù ilẹ̀kùn padà? Ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ máa gbà? Ẹni tó bá ní wákàtí méjì lòun máa fi ṣe ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè bó bá ti gba fìrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi iṣẹ́ tó ti tó ọdún kan hàn yín, kì í ṣe èyí tó parí lánàá. Iṣẹ́ àná, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Ẹ san ìdajì owó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyókù dúró di ìgbà tí ẹ bá ti gbé mọ́tò sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

BÍ A ṢE DÁ ẸJỌ́ NÁÀ

Nígbà tí a padà jókòó, a rí i pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó ta ọjà jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé rẹ́síìnì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu ara wọn pe rẹ́síìnì àga ilé ní awọ mọ́tò. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pè é ní ti iṣu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ̀bi. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn níṣojú gbogbo wa, gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tuntun, náílọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀ mọ́, páálí wíwú náà ló tún lò. Nígbà tí a bi í, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun kú kí òun tó parí ẹ̀kọ́, àti pé ìyá òun kò rówó fi òun sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí mú gbogbo ilé dákẹ́, nítorí a mọ ìyá rẹ̀.

Ìyá aláṣọ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn ló ní kó parí iṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́, nínú oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kò béèrè ohunkóhun, àfi iye owó tó kéré jù.

Ìdájọ́ wa ni pé kí oní-rẹ́síìnì mú ti mọ́tò wá ní iye tí àwọn fi rà á, láìjèrè. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tún iṣẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú àgbà oníṣẹ́ kan tó yọ̀ǹda láti wá dúró tì í. Kí ìyá aláṣọ ra gọ́ọ̀mù àti páálí tuntun. Wọ́n dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Àgbà oníṣẹ́ náà wò ó lọ́wọ́, ó ní ọmọ yìí ní ọwọ́ iṣẹ́, olùkọ́ ni kò ní. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà wà títí di òní. Ẹgbẹ́ ló san owó ìwọlé rẹ̀ láti inú àpò ìrànlọ́wọ́, a sì kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe ń kọ gbogbo owó ẹgbẹ́.

Òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé ilẹ̀kùn mọ́tò náà, kò ṣí, kò wú. Oníbàárà àkọ́kọ́ kò padà wá mọ́, ó ti ra tirẹ̀ níbòmíràn, owó tó dárúkọ nígbà náà sì bá a lọ. Ẹlòmíràn ló wá ra mọ́tò náà lẹ́yìn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń béèrè. Ìyá aláṣọ ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mọ́ àwọn jù lọ.

Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ta nǹkan yìí ní ìlà wa gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rìsíìtì kedere: AWỌ tàbí RẸ́SÍÌNÌ, TI MỌ́TÒ tàbí TI ÀGA. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó mú un wá sọ́dọ̀ wa, a ó bá a kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ béèrè rìsíìtì yín kí ẹ tó kúrò nídìí ọjà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ tètè dé. Ajé á bá wa gbé o, a kò ní í fi owó wa ra ẹjọ́. Àṣẹ.

Àwa akọ̀wé yín, ọjà Èjìgbò.